Pátákó orúkọ àwọn tó kú sógun, tí a bá nínú yàrá abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì: báwo la ṣe lè mọ ibi tó ti wá?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ìjọ wa ní gúúsù London ra ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì àtijọ́ kan ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Lóṣù tó kọjá, nígbà tí à ń palẹ̀ yàrá abẹ́ ilé mọ́, a bá pátákó idẹ kan lẹ́yìn àwọn àga tó ti kán. Orúkọ ọkùnrin mọ́kàndínlógún ló wà lára rẹ̀, wọ́n kọ 1914–1919 sókè, àmọ́ kò sí orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí orúkọ àdúgbò. Àwọn kan ní ká tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Pásítọ̀ ní ká fi Brasso fọ̀ ọ́, ká gbé e kọ́. Èmi fẹ́ mọ ibi tó ti wá ná. Ṣé ó ṣeé mọ̀?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, àbúrò mi. Ó ṣeé mọ̀. Ó lè gba oṣù kan, ó lè gba ọdún kan, àmọ́ nínú irú rẹ̀ tó ti gba ọwọ́ mi kọjá láti ogún ọdún tí mo ti ń tọ́jú ìwé àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, àwọn tí a kò rí ìdí wọn kò pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ Brasso. Ẹ bá mi bẹ pásítọ̀, kí wọ́n gbé e sílẹ̀ ná. Lẹ́tà ara idẹ yẹn kò jìn, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì fi nǹkan tó ń họ irin rà á, díẹ̀ ń bá a lọ. Mo ti rí èyí tí àwọn ìyá ìjọ fọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún: ìka ni mo fi kà á, ojú ò rí i mọ́. Ọ̀dà dúdú tàbí pupa tí oníṣẹ́ fi dí inú lẹ́tà náà máa ń bá ìfọ̀ yẹn lọ, ẹfun Brasso á wá dí ibẹ̀ pa. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí ẹ ó fi gbọn eruku nù ti tó. Ní ti àwọn tó ní kẹ́ ẹ tà á, ẹ sọ fún wọn pé láti ìgbà òfin 2013 lórí àwọn tó ń ra irin àlòkù ní England àti Wales, oníràjà kò gbọdọ̀ ka owó sí yín lọ́wọ́, ó sì gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó tà á sílẹ̀. Orúkọ ìjọ yín ló máa wà nínú ìwé yẹn. Ó tán.

Ó yá, ẹ gbé e wá síta. Ẹ pa iná yàrá, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, kẹ́ ẹ mú un sí ẹ̀gbẹ́ pátákó náà kí ìmọ́lẹ̀ fẹ̀gbẹ́ rá lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ya fọ́tò. Àwọn lẹ́tà tẹ́ ẹ rò pé ó ti parẹ́ á dìde. Ẹ wo etí ìsàlẹ̀, lọ́tùn-ún lósì: ibẹ̀ ni oníṣẹ́ máa ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sí wínníwínní. Bẹ́ ẹ bá rí Gawthorp ti London tàbí Wippell ti Exeter, kò tíì sọ púpọ̀ fún wa, torí gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì làwọn wọ̀nyẹn ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí. Àmọ́ bó bá jẹ́ orúkọ oníṣẹ́ kékeré kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ládùúgbò kan pàtó, inú mi á dùn, torí ṣọ́ọ̀ṣì tó gbé iṣẹ́ fún un kì í sábà jìnnà sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí i padà. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe èyí, ẹ̀yìn pátákó ló sì máa ń sọ̀rọ̀ jù. Ṣé ẹ̀rúnrún sìmẹ́ńtì funfun ló lẹ̀ mọ́ ọn ni, àbí àpá igi? Ṣé ẹnì kan fi ẹfun kọ nọ́ńbà sí i, tàbí ó lẹ bébà kékeré mọ́ ọn? Ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín ihò mẹ́rin tí wọ́n fi kàn án mọ́ ògiri, kẹ́ ẹ gbé òṣùwọ̀n yẹn lọ sínú ilé ìsìn yín lókè. Ẹ wo ògiri ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà, àti ti ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, níbi tí ọ̀dà ti wú tàbí tí àwọ̀ ibì kan ti yàtọ̀. Bí ihò mẹ́rin bá bá a mu, ilé ni pátákó yín wà látìgbà yìí, kò tíì rìn ju àtẹ̀gùn kan lọ.

Bí kò bá bá a mu, ẹ má bọkàn jẹ́, ẹ má sì rò pé jíjí ni wọ́n jí i wá. Ní 1932 ni àwọn ẹ̀ka Mẹ́tọ́díìsì mẹ́ta, Wesleyan, Primitive àti United, para pọ̀ di ìjọ kan ṣoṣo. Ṣọ́ọ̀ṣì méjì tí kò bára wọn ṣe tẹ́lẹ̀ lójú títì kan náà wá di ti ẹnì kan. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, wọ́n ta ọ̀kan, ìjọ ibẹ̀ sì kó wá bá èkejì, wọ́n gbé Bíbélì orí àga ìwàásù dání, wọ́n gbé ife oúnjẹ alẹ́ Olúwa, wọ́n sì tú àwọn òkú wọn lára ògiri, wọ́n gbé wọn dání pẹ̀lú. Nígbà tí ìjọ kejì náà wá tú, ta ló kù tó mọ ọ̀nà tí ìkíní gbà dé? Mo ti rí pátákó tó ti gbé ilé mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ilé tí wọ́n ti bá nǹkan. Lọ́dọ̀ àwọn orúkọ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ bá a ṣe ń ṣe é nílé. Bí ẹnì kan bá lóun ni Àjàyí, a ò tíì mọ nǹkan kan, àfi ká bi í pé, ọmọ agbo ilé wo? Smith nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Àjàyí ni. Ẹ fi Smith sílẹ̀, ẹ fi Jones àti Brown sílẹ̀, kẹ́ ẹ mú orúkọ tó ṣàjèjì jù nínú mọ́kàndínlógún náà, irú èyí tó jẹ́ pé ìdílé mẹ́ta péré ló ń jẹ́ ẹ. Ẹ gbé e lọ sórí ìkànnì Commonwealth War Graves Commission, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1917 láti máa tọ́jú sàréè àwọn tó kú sógun. Orúkọ tó wà lọ́wọ́ wọn tó mílíọ̀nù 1.7, ọ̀fẹ́ sì ni. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àjọ yìí fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí òkú. Àwọn tó dá a padà kọ orúkọ bàbá àti ìyá síbẹ̀, wọ́n sì kọ nọ́ńbà ilé àti orúkọ títì. Gbogbo rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ dòní, lábẹ́ orúkọ ọmọ wọn.

Ẹ mú máàpù, kẹ́ ẹ fi àmì síbi tí ilé yẹn wà. Ẹ lọ sórí orúkọ kejì, ẹ lọ sórí ìkẹta. Kì í ṣe gbogbo ẹbí ló dáhùn, nítorí náà ẹ lè má rí ju mẹ́jọ lọ nínú mọ́kàndínlógún. Mẹ́jọ ti tó. Ẹ ó rí i tí àmì mẹ́fà á ṣù jọ sójú títì mẹ́rin márùn-ún, bí èèrà tó rí ṣúgà. Ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ ń wá wà láàárín ibẹ̀, torí ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn lọ ṣọ́ọ̀ṣì nígbà yẹn. Bí àmì náà bá ṣù jọ sẹ́bàá ilé ìsìn yín, ó dáa. Bó bá jẹ́ máìlì méjì sí ọ̀dọ̀ yín ló ṣù jọ sí, a ti mọ̀ pé àlejò ni pátákó yìí.

Àwọn ìdẹkùn wà lójú ọ̀nà o. Àwọn òbí mìíràn ti kó lọ kó tó di pé fọ́ọ̀mù dé, nítorí náà ẹ fi ìkànìyàn 1911 àti ti 1921 ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Ìwé orúkọ àwọn sójà tó kú, tí ìjọba tẹ̀ ní 1921, máa ń sọ ìlú tí wọ́n bí ẹnì kan sí àti ibi tó ti wọṣẹ́ ogun. Ní ti fáìlì sójà fúnra rẹ̀, ẹ má gbójú lé e jù: ní oṣù kẹsàn-án 1940, bọ́ǹbù Jámánì bà sórí ilé tí wọ́n kó wọn sí ní Arnside Street ní Walworth, lápá gúúsù London yín níbẹ̀ yẹn, nǹkan bí ìpín 60 nínú 100 sì jóná.

Ìdẹkùn tó tún burú ni pé òkú kan lè wà lára pátákó mẹ́ta mẹ́rin. Ẹ wo Walter Tull, ọmọ aláwọ̀ dúdú tí bàbá rẹ̀ ti Barbados wá. Ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí ti Mẹ́tọ́díìsì ní Bethnal Green ló ti dàgbà, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Tottenham àti Northampton, ó sì di ọ́físà nínú iṣẹ́ ogun kó tó kú ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta 1918. Orúkọ rẹ̀ wà ní Arras ní ilẹ̀ Faransé, ó sì tún wà ní Folkestone níbi tí wọ́n bí i sí. Ilé ẹ̀kọ́ ń kọ orúkọ, ibi iṣẹ́ ń kọ, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ń kọ. Torí náà, bẹ́ ẹ bá rí ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin yín lára òkúta ìrántí kan, ẹ má tíì pariwo. Ká rí mẹ́wàá pa pọ̀ ni ẹ̀rí.

Ọ̀rọ̀ 1914–1919 yẹn, oníṣẹ́ kò ṣì í kọ. Ìbọn dákẹ́ ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá 1918 lóòótọ́, àmọ́ ọjọ́ 28 oṣù kẹfà 1919 ni wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní Versailles. Ọ̀pọ̀ ìjọ ló ka ogun dé ibẹ̀.

Tí ẹ bá ti mọ àdúgbò, iṣẹ́ ìwé ló kù. Ẹ wo máàpù Ordnance Survey ti ayé ìgbà yẹn, ó ń fi gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì hàn títí kan àwọn kéékèèké. Ẹ tún wo War Memorials Register tí Imperial War Museums ń tọ́jú láti 1989, tí ohun ìrántí inú rẹ̀ tó nǹkan bí 100,000. Wọ́n ń kọ àwọn tó ti sọnù náà síbẹ̀, ó sì ti ṣẹlẹ̀ lójú mi pé ohun tí ẹnì kan gbé dání wá sí ọ́fíìsì mi, sísọnù ni wọ́n kọ ọ́ pé ó sọnù níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni, iṣẹ́ rọ̀ ẹ lọ́rùn: wọn kò gbọdọ̀ kan nǹkan mọ́ ògiri láìgba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì ń tọ́jú ìwé yẹn, nígbà mìíràn pẹ̀lú àwòrán pátákó náà. Mẹ́tọ́díìsì kò ní irú èyí. Ìwé ìpàdé àwọn alámòójútó ilé ni kẹ́ ẹ béèrè, láti 1919 dé 1922. The London Archives ní Clerkenwell ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí.

Mo fẹ́ràn àwọn ìwé ìpàdé yìí ju bó ti yẹ lọ. Wọ́n á jiyàn lórí èédú tí wọ́n fi ń dáná fún ojú ìwé kan gbáko, lẹ́yìn náà ìlà méjì péré lórí pátákó: iye tí oníṣẹ́ bù lé e, àti pé kí wọ́n má kọ orúkọ àkọ́kọ́ tán, lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ ti tó. Iye lẹ́tà ni àwọn oníṣẹ́ mìíràn fi ń ṣírò owó. Ìdí tí J. àti W. fi pọ̀ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ìwé ìròyìn àdúgbò ló wá máa ń sọ bí ọjọ́ ìṣíṣọ lójú rẹ̀ ti rí: ẹni tó fa aṣọ kúrò, orin tí wọ́n kọ, iye orúkọ tí wọ́n kà. Mọ́kàndínlógún nínú ìwé ìròyìn, mọ́kàndínlógún lára idẹ, ẹ ti bá a nìyẹn.

Àwọn kan nínú ìjọ lè bi yín pé kí ló kàn wá nínú òkú òyìnbó. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ní 2021, àjọ tó ń tọ́jú sàréè yẹn, Commonwealth War Graves Commission, jẹ́wọ́ pé ó kéré tán, 116,000 èèyàn tó kú nínú ogun yẹn, pàápàá àwọn ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì, ni wọn kò kọ orúkọ wọn síbì kankan. Àwọn aláàárù tó ti Nàìjíríà ru ẹrù ogun lọ sí Kamẹrúùnù àti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, mélòó nínú wọn la lè dárúkọ? Ère ìrántí Sójà Ìdúmọ̀tà tí gbogbo ará Èkó mọ̀, wọ́n ti gbé òun náà kúrò níbi tó wà. Èmi tí mo ti wá orúkọ aláàárù títí tí n kò rí, mi ò lè wo mọ́kàndínlógún tí ẹnì kan kọ dáadáa kí n ní kí wọ́n gbé e fún alágbàtà irin.

Tí ẹ bá rí ṣọ́ọ̀ṣì náà tó ṣì dúró, tí ìjọ ṣì wà níbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí wọn kẹ́ ẹ tó dá ohunkóhun ṣe. Tí bọ́ǹbù bá ti wó o, ẹ ó rí i lórí máàpù tí London County Council fi ṣàmì ilé tí ogun bàjẹ́, dúdú ni àwọ̀ èyí tó wó pátápátá. A jẹ́ pé ọ̀dọ̀ yín náà ni kó wà, kẹ́ ẹ sì kọ ìtàn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ kàn wo ìwé tẹ́ ẹ fi ra ilé bóyá wọ́n sọ nǹkan nípa pátákó. Bí ilé yín bá sì jẹ́ èyí tí ìjọba kà sí ilé ìtàn, ẹ bi káńsù kẹ́ ẹ tó lu ihò sára ògiri. War Memorials Trust máa ń fúnni nímọ̀ràn lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n gbé e kọ́.

Fún ìsinsìnyí, ẹ fi fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú òṣùwọ̀n ihò mẹ́rin náà àti orúkọ mọ́kàndínlógún bí ẹ ṣe rí wọn gẹ́lẹ́. Bí lẹ́tà kan bá jọ àṣìṣe, ẹ má bá oníṣẹ́ tún un ṣe. Mo ti fi ọjọ́ mẹ́ta wá ọkùnrin kan rí lórí gbogbo ìwé, n kò rí i, torí ẹni tó dà á kọ fún mi ti tún orúkọ rẹ̀ ṣe.