Ìyá Ìyanu, ẹ má mú ọmọ yẹn lọ bá ìgbìmọ̀ kankan

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ẹ ní ọmọ yín obìnrin, ọmọ ọdún 12, ń béèrè ìdí tí wọ́n fi ń pe àbúrò òun ọkùnrin láti ka Bíbélì níwájú ìjọ tí wọn kì í pe òun. Ẹ fẹ́ mọ èsì tí ẹ máa fún un, àti bóyá kí ẹ mú un lọ bá àwọn agbaninímọ̀ràn ìjọ.

Ẹ má dán an wò! Ọmọ tèmi obìnrin náà béèrè irú rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ní ìjọ kan ní Abẹ́òkúta níbí tí n kò ní dárúkọ. Jẹ́nẹ́sísì 1:27 ló kà, pé takọ tabo ni Ọlọ́run dá ní àwòrán ara rẹ̀. Ó ní ta ló wá yọ abo kúrò? Olùkọ́ ò dá a lóhùn, ìgbìmọ̀ ló gbé e lọ bá. Wọ́n ní ẹ̀mí Jésébẹ́lì ló wà lára rẹ̀. Ọmọ tó ṣì ń bá àbúrò rẹ̀ jà lórí ẹní! Wọ́n ní kó gbààwẹ̀, kó wá gba àdúrà ìtúsílẹ̀. Wọ́n mú un kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, bàbá kan jókòó sórí tábìlì, ó ń fi báírò gbá ẹ̀yìn Bíbélì, ó ń bi í pé ọkùnrin wo ló kọ́ ọ lọ́rọ̀ yìí. Ọkùnrin wo! Lójú tiwọn, orí ọmọbìnrin ò lè ronú débẹ̀. Ó ń fi etí ìborí nu omijé, kò fọhùn. Wọ́n ní àìfọhùn yẹn gan-an ni ẹ̀mí náà. Bó bá sọ̀rọ̀, ó gbójú. Bó bá dákẹ́, ẹ̀mí ni. Mo já wọlé, mo fà á dìde. Ó pẹ́ kó tó tún wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Tó bá ti gbọ́ aago ìsìn, á lọ ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́rí. Àwọn yẹn tún kọ lẹ́tà pé kí n wá bẹ ìgbìmọ̀. Mo fi dáná ààrò.

Ẹ sọ òótọ́ fún un: ẹnu àwọn Kristẹni ò kò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan di 1 Tímótíù 2:12 mú, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní òun kò gbà kí obìnrin máa kọ́ni, wọ́n ní iyì ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Àwọn mìíràn ní Pọ́ọ̀lù yìí kan náà sọ̀rọ̀ obìnrin tó ń gbàdúrà tó sì ń sọ tẹ́lẹ̀ nínú 1 Kọ́ríńtì 11:5, àti pé obìnrin kan, Pírísílà, wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà Ọlọ́run yé Àpólò oníwàásù. Áńgílíkà Nàìjíríà kì í fi obìnrin jẹ àlùfáà, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe é láti 1994, Mẹ́tọ́díìsì tiwa náà ń ṣe é. Kíka Bíbélì kì í sì í ṣe iṣẹ́ àlùfáà rárá. Obìnrin ń kà á ní ọ̀pọ̀ ìjọ Áńgílíkà.

Ẹ jọ ka Númérì 27. Àwọn ọmọbìnrin Sélófẹ́hádì dúró níwájú Mósè àti gbogbo ìjọ, wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn ní ogún bàbá àwọn. Mósè ò wá ẹ̀mí kankan lára wọn. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Ọlọ́run, Ọlọ́run ní òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ sọ ti Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti náà fún un, ìyàwó àlùfáà ni, òun ló ṣáájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá nígbà ọ̀rọ̀ owó orí ní 1947.

Ó ti pé ọdún 12, ẹ tètè bá a sọ̀rọ̀ nǹkan oṣù kí àwọn ìyá ìjọ tó sọ fún un pé ẹ̀gbin ni. Obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ inú Lúùkù 8 fọwọ́ kan Jésù, Jésù ò bá a wí, ọmọbìnrin ló pè é. Kí àbúrò rẹ̀ náà sì máa fọ àwo o! Ẹ ò lè máa wàásù nílé pé Ọlọ́run dá wọn dọ́gba, kí ọ̀kan máa wo bọ́ọ̀lù nígbà tí èkejì ń ha ìkòkò.

Tèmi ti padà báyìí. À ń ka Bíbélì nílé, a sì wá ìjọ mìíràn, ìyẹn ò le.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ rí àwọn agbaninímọ̀ràn yẹn, ẹ̀yin ni kí ẹ lọ, kí ọmọ jókòó sílé. Bí wọ́n bá ní ó di dandan kí wọ́n rí ọmọ náà nìkan, ẹ kí wọn pé ó dàbọ̀, kí ẹ wọ ọ̀kadà.