Ṣé kí n sọ fún wọn pé àjẹmọ́nú ò kàn wọ́n?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Èmi ni mò ń ṣírò owó níbi tí wọ́n ti ń ra kaṣú ní Kàbà. Ọ̀gá ti kó orúkọ àwọn tó máa gba àjẹmọ́nú òpin ọdún fún mi. Àwọn mẹ́ta tó ń di àpò ò sí níbẹ̀, torí òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀ ni wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ gba ọ̀kadà láwìn, ojú owó yìí ló ń wò. Ṣé kí n sọ fún un?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, má gbé ìwé yẹn jáde, má sì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Oúnjẹ rẹ ni. Àmọ́ mi ò ní ní kó o máa wo ọmọ ọlọ́mọ kó ti ọrùn bọ gbèsè. Lọ bá ọ̀gá láàárọ̀, kí ọlọ́jà tó kún ẹnu ọ̀nà: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ pe àwọn mẹ́ta yìí kí ọ̀sẹ̀ tó parí.” Òun ló pinnu, òun ni kó sọ ọ́. (Àwọn ọ̀gá kan á dúró dọjọ́ owó, wọ́n á wá sá lọ sí Lọ́kọ́ja!)

Ẹni tó fẹ́ gba ọ̀kadà láwìn ńkọ́? Pè é sẹ́yìn: “Bọ̀dá, ẹ má tíì tọwọ́ bọ̀wé, ẹ kọ́kọ́ bi ọ̀gá.” Tó bá ń tú ọ wò, má purọ́, ṣáà ní kì í ṣe ẹnu rẹ ló ti yẹ kó gbọ́ ọ.

Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ò sọ àjẹmọ́nú di dandan, àdéhùn ló ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó ní kí òṣìṣẹ́ gba àdéhùn lákọsílẹ̀ kó tó pé oṣù 3 lẹ́nu iṣẹ́. Ṣé àwọn mẹ́ta yẹn tiẹ̀ rí tiwọn gbà?