Gáḿbíà: ẹ wo odò kí ẹ tó ka ọjọ́

Arábìnrin wa béèrè bóyá ọjọ́ mẹ́ta tó láti rí Gáḿbíà láti etí òkun dé Basse, ìlú tó wà lápá ìlà-oòrùn pátápátá, nítorí pé òun ni orílẹ̀-èdè tó kéré jù lórí ilẹ̀ Áfíríkà, bí a bá yọ àwọn erékùṣù sílẹ̀. Èrò yẹn ni èmi náà gbé lọ, òun ló sì mú mi sun orí bẹ́ńṣì ní Barra, ìlú tó wà ní bèbè àríwá odò Gáḿbíà, tó dojú kọ Banjul, olú-ìlú.

Dakar ni mo ti ń bọ̀, mo gba Kaolack, oòrùn sì ti ń wọ̀ kí n tó kọjá ẹnu ibodè Amdallai. Nígbà tí mo fi dé etí omi, fẹ́rì tó kẹ́yìn ti lọ. Mò ń wo iná Banjul kedere lódìkejì, ṣùgbọ́n kò sí bí mo ṣe lè débẹ̀, nítorí pé láti ẹnu òkun, ẹ ò ní rí afárá kankan lórí odò náà títí ẹ ó fi dé ẹ̀gbẹ́ Farafenni, níbi tí wọ́n ti ṣí afárá Senegambia ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019. Àwọn ọkọ̀ onígi kan ṣì ń pe èrò nínú òkùnkùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wọ̀ wọ́n lálẹ́. Ibẹ̀ fẹ̀ gan-an, ìgbì òkun sì ń wọ inú rẹ̀.

Láti òkè Fouta Djallon ní Guinea ni odò Gáḿbíà ti ń ṣàn wá, bèbè rẹ̀ méjèèjì ni gbogbo ilẹ̀ orílẹ̀-èdè náà, Sẹ̀nẹ̀gà sì yí i ká àyàfi níbi tó ti kan òkun. Ìbú orílẹ̀-èdè náà kò ju nǹkan bí 50 kìlómítà lọ níbi tó fẹ̀ jù, ṣùgbọ́n òòró rẹ̀ lé ní 300. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè bí ìlú kan ṣe jìnnà tó, ẹ kọ́kọ́ béèrè bèbè tó wà.

Ọjọ́ márùn-ún ni mo máa ń lò báyìí. Mo máa ń gba fẹ́rì àárọ̀ láti Banjul sí Barra, kí n lè rí gbogbo ohun tó wà ní bèbè àríwá lẹ́ẹ̀kan náà: Juffureh àti erékùṣù Kunta Kinteh, tí omi ń jẹ díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà Wassu, níbi tí àwọn ará àtijọ́ ti ri òkúta ńláńlá mọ́lẹ̀ ní òbìrípo. Láti ibẹ̀ mo máa ń kọjá sí Janjanbureh, erékùṣù àárín odò, kí n tó jáde sí gúúsù lọ sí Basse, kí n sì gba Soma àti Brikama padà sílé. Ní Janjanbureh, ẹ bu omi odò tọ́ wò: kò níyọ̀ mọ́, ìrẹsì sì ń hù létí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ igi tó ń ta gbòǹgbò sínú omi iyọ̀ nìkan ni ẹ ó ti máa rí lápá ìsàlẹ̀.

Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Dakar, ẹ gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ọjọ́ bá ti lọ, Kaolack ni kí ẹ sùn.