Ìwádìí agbára ọkọ̀ ojú omi ṣeé ṣe l'Ógbómọ̀ṣọ́

Àbúrò mi, o ní ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ sọ pé Ògbómọ̀ṣọ́ jìnnà sókun jù fún ẹni tó fẹ́ ṣèwádìí lórí agbára ara ọkọ̀ ojú omi. Irú iṣẹ́ yẹn ni mo fi gboyè kejì, ìlú yìí náà ni mo ti ṣe é. Má fi í sílẹ̀.

Tí ìgbì bá gbé ọkọ̀ gígùn láàárín, iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ á fẹ́ wálẹ̀. Òkè á máa nà, irin ìsàlẹ̀ á máa fún pọ̀, bí páànù òrùlé tí èèyàn tì láti etí méjèèjì, títí á fi kákò. MOL Comfort, ọkọ̀ ńlá tó ń kó kọ̀ǹténà, ṣẹ́ sí méjì lórí Òkun Íńdíà ní oṣù kẹfà ọdún 2013. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn ọkọ̀ tí wọ́n kàn bákan náà wò, irin ìsàlẹ̀ tiwọn náà ti ń tẹ̀. Ọ̀nà ìṣirò agbára ara ọkọ̀ tí onímọ̀ ẹ̀rọ C. S. Smith gbé kalẹ̀ ní 1977 sì ń pín ara ọkọ̀ sí irin pẹlẹbẹ kéékèèké, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú egungun irin tí wọ́n jó mọ́ ọn kó lè le, kó tó ro agbára wọn pọ̀. Ẹyọ kan irú irin bẹ́ẹ̀, wẹ́dà ojú ọ̀nà Ìlọrin lè jó o fún ọ.

Níbi jíjó yẹn gan-an niṣẹ́ wà. Bí irin bá tutù lẹ́yìn iná, á sún kì, á sì tẹ̀. Gbé rúlà irin gígùn lé e, wàá rí ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Wẹ́dà tèmi, ọmọlúàbí èèyàn, ti gbé òòlù láti lù ú tẹ́ fún mi. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi í sílẹ̀. Títẹ̀ yẹn la fẹ́ mọ̀, torí ó ń dín ẹrù tí irin lè gbé kù. Wọn àlàfo náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ kí irin tó dé abẹ́ ẹ̀rọ ìdánwò tó máa fún un pọ̀ títí á fi kákò. Tí o bá tún fi kọ̀ǹpútà ṣírò agbára irin náà, irin tó tẹ́ rẹrẹ ló máa yà fún ọ. Èsì rẹ̀ á ga ju ti ẹ̀rọ lọ àfi tí o bá fi ìwọ̀n yẹn sí i.

Má gba nọ́ńbà agbára irin lẹ́nu ẹni tó tà á. Gé díẹ̀ lára irin kan náà, kí o fà á títí á fi já. Kí etí méjèèjì tí ẹ̀rọ máa tẹ̀ sì tẹ́ dọ́gba. Ṣọ́ọ̀bù tó gé tèmi fi igun kan sílẹ̀ sókè díẹ̀. Igun yẹn nìkan ló gba gbogbo ẹrù, ó fọ́ kí àárín tó mira. Owó irin, owó wẹ́dà, epo jẹnẹrétọ̀, gbogbo ẹ̀ lọ. Ó dùn mí gan-an.

Kí o tó padà sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ, lọ wo ẹ̀rọ tó wà nílé ìdánwò yín. Béèrè iye tọ́ọ̀nù tó lè fi tẹ nǹkan àti bí àyè rẹ̀ ṣe ga tó. Ìyẹn ló máa pinnu bí irin rẹ ṣe máa tóbi tó.