Ṣé Kí N Padà Sí Ṣọ́ọ̀ṣì Ìgbà Èwe Mi?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Láìpẹ́ yìí ni mo padà dé ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn òbí wa máa ń mú wa lọ ní kékeré, lẹ́yìn ọdún 31 tí mo ti kúrò ládùúgbò náà. Wọ́n ti kó àwọn àga onígi gbọọrọ jáde, àga oníke ni wọ́n tò síbẹ̀, ibi tí màmá mi olóògbé máa ń jókòó láàárín àwọn akọrin sì ti di ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Gbogbo rẹ̀ tún kéré lójú mi. Mo sunkún délé. Nígbà tí mo ròyìn fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ó ní màmá kò ṣe akọrin rí, pé ẹ̀yìn wa ló máa ń jókòó sí. Ta ni ká gbà gbọ́? Ṣé kí n tún padà lọ? Èmi, Ọmọ Akọrin.

ÌDÁHÙN: Ọmọ Akọrin, ẹ kú ìrìn, ẹ sì kú àṣẹ̀yìndè màmá. Ẹ padà lọ, ṣùgbọ́n ẹ má dá lọ. Kí ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín jọ lọ ni.

Ilé náà kò súnkì. Nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, ọrùn lẹ máa ń nà kí ẹ tó rí pẹpẹ, bí ara yín ṣe mọ nígbà náà lẹ sì fi wọn ògiri àti òrùlé. Èmi náà ti kúnlẹ̀ rí nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ṣèrìbọmi fún mi, mo gbé àgbọ̀n lé ẹ̀yìn àga iwájú, òórùn òróró tí wọ́n fi ń nu igi náà ta sí mi nímú, lójú ẹsẹ̀ ni mo gbọ́ ohùn bàbá mi tó máa ń sọ fún mi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé kí n dákẹ́. Òórùn kì í kọ́kọ́ gba ibùdó inú ọpọlọ tí ìró àti ohun tí ojú rí máa ń gbà. Tààrà ló ń lọ sí apá tó ń ṣètò ìrántí àti ìmọ̀lára. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìwé orin àtijọ́ kan níbẹ̀, ẹ ṣí i, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀.

Ní ti àríyànjiyàn yín, kò dá mi lójú pé ẹnikẹ́ni nínú yín ń purọ́. Inú ṣọ́ọ̀ṣì kan náà lẹ ti dàgbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọdún kan náà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ̀gbọ́n yín ti kúrò nílé ni ọwọ́ màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ dilẹ̀ láti wọ ẹgbẹ́ akọrin. Ìyá tó ń tọ́ ọmọ méjì lọ́wọ́ lẹ́yìn àga ni òun mọ̀, ìyá tó wọ aṣọ akọrin ni ẹ̀yin mọ̀. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ìyá ń jà lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí ẹnì kan kò rí ni ẹnì kejì ń mú bọ̀ wá fún un.

Ẹ bẹ akọ̀wé ìjọ pé kí ó jẹ́ kí ẹ wo àwọn ìwé àkọsílẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí ìjọ ti ń tọ́jú wọn: ní 1538 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé kí gbogbo ìjọ máa kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sílẹ̀, nígbà tó sì di 1563, Ìjọ Kátólíìkì pàṣẹ ti ìrìbọmi àti ìgbéyàwó. Ẹ lè bá orúkọ yín, ti àwọn òbí yín àti ti àwọn tó ṣe onígbọ̀wọ́ yín pàdé nínú ìwé ìrìbọmi. Ẹ béèrè ìwé orúkọ àwọn akọrin pẹ̀lú, àti ibi tí wọ́n kó àwọn àga onígi sí. Ó lè jẹ́ àárín ẹrù tí ẹ rí yẹn ni wọ́n wà. Ọwọ́ gbígbẹ ni kí ẹ fi ṣí ìwé náà, kí ẹ sì ya àwòrán rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́, láìtan iná kámẹ́rà.

Bí ẹ bá rí ibi tí màmá ti buwọ́ lùwé, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín kọ́kọ́ kà á.