Ṣé ewé asùnwọ̀n lè wo làpálàpá orí ọmọ mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n apòògùn. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ní làpálàpá lórí àti lọ́rùn. Ìyá ọkọ mi já ewé asùnwọ̀n wá láti ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ní kí n máa lọ̀ ọ́ fi para, kí n sì máa sè é fún un mu kó lè fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀? Láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ìyá ọkọ yín ò parọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ní ibi tó mọ. Ti ọrùn, ẹ fi ewé náà para. Ti orí, agbára ewé ò ká a. Ti mímu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bu ú fún ọmọ ọdún mẹ́fà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ewé tí à ń sọ, torí asùnwọ̀n ìbílẹ̀ wà, asùnwọ̀n òyìnbó sì wà. Ti òyìnbó, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Senna alata, ni mò ń sọ. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá kó tó di ará ilé. Ewé rẹ̀ fẹ̀, méjì méjì ni wọ́n kọjú síra wọn, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, wọn a pa dé. Òdòdó rẹ̀ yẹ́lò, ó nà ró bí àbẹ́là, èso rẹ̀ sì ní ìyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ohun tó ń fa làpálàpá, ìbátan èbu tó ń bo búrẹ́dì ni. Kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ rárá. Awọ òkè pátápátá ló ń jẹ, àti irun, àti èékánná. Ẹ̀jẹ̀ wo la wá fẹ́ fọ̀? Asùnwọ̀n ní èròjà tó ń bá èbu yìí jà, chrysophanic acid lorúkọ ọ̀kan nínú wọn. Ní orílẹ̀-èdè Philippines, ìjọba kà á mọ́ ewé mẹ́wàá tí wọ́n fọwọ́ sí pé kí ará ìlú máa lò, fún irú àìsàn awọ ara yìí gan-an.

Ewé tútù ni kí ẹ lò. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ lọ̀ ọ́ lórí ọlọ tó mọ́ (kì í ṣe ọlọ ata o, igbe ọmọ á dé Adó!), kí ẹ pò ó mọ́ òrí díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi bíńtín sí inú apá rẹ̀, kí ẹ wò ó di ọjọ́ kejì. Bí ibẹ̀ ò bá lé, tí kò sì yún un, ẹ fọ ọrùn rẹ̀, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ máa fi para láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ jẹ́ kó kọjá etí làpálàpá náà díẹ̀, torí etí yẹn ni èbu ti ń jẹ lọ. Àárín tó ń dán ti ń san. Bó bá lọ tán lójú, ẹ tún máa fi ewé náà para fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé láti ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ tí kò yí padà, ẹ ra ìpara clotrimazole lásán. Ẹ yàgò fún ìpara alápòpọ̀ mẹ́ta tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń tà: stẹ́rọ́ìdì inú rẹ̀ á pa ìyún náà, èbu á sì máa gbilẹ̀ lábẹ́lẹ̀.

Orí ni ọ̀rọ̀ wà. Níbẹ̀, èbu náà ti wọ ìdí irun, níbi tí ewé, ọṣẹ dúdú tàbí ìpara kankan ò lè dé. Ẹ wò ó ní ìmọ́lẹ̀: ẹ lè rí irun tó ti kán, tó ṣẹ́ kù tóótòòtó. Oògùn mímu ló ń lé e jáde. Griseofulvin la sábà máa ń lò, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ó kéré tán, ìwọ̀n ara ọmọ la sì fi ń díwọ̀n rẹ̀, nítorí náà kí dókítà kọ ọ́. Lẹ́yìn oúnjẹ tó lọ́ràá, bí ẹyin tàbí ẹ̀pà, ni kó máa lò ó. Àwọn ìyá máa ń dá a dúró bí irun bá ti ń hù, wọ́n á tún padà wá. Bí ibì kan lórí bá wú tó ń ṣọyún, ẹ má tú u, ẹ má gbé ewé lé e. Ilé-ìwòsàn ńlá Adó tàbí ti Ìdó ni kí ẹ gbé e lọ kíá, torí irun ibẹ̀ lè má hù mọ́. Ẹ yẹ orí àwọn ọmọ yòókù wò, kí wọ́n má pín òòyà àti fìlà, kí onígbàjámọ̀ sì fi sípíríìtì nu kílípà rẹ̀.

Mímu ewé náà ni tèmi ò fẹ́ rárá. Oògùn tó ń ṣí inú ni asùnwọ̀n, bíi senna tí à ń tà ní ṣọ́ọ̀bù. Àgbàlagbà tí kò rí ìgbẹ́ yà lè mu díẹ̀ lálẹ́, á ṣiṣẹ́ láàárọ̀, ìtọ̀ rẹ̀ sì lè pọ́n. Aboyún ò gbọdọ̀ mu ún, ẹni tí inú ń run láìmọ ìdí kò gbọ́dọ̀ mu ún, mímu ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti fọ inú ò sì dáa. Ọmọ kékeré ẹ̀wẹ̀, omi ara rẹ̀ tètè ń gbẹ. Bí ẹ bá ti fún un mu tí ó ń yàgbẹ́ olómi, ẹ máa fún un ní ORS (iyọ̀ àti ṣúgà tí à ń pò mọ́ omi) díẹ̀díẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá jìn sínú tàbí tí kò tọ̀ dáadáa mọ́, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́, ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn.