Kí ni “omi àfòwúrọ̀pọn”, ṣé ó máa ń dúró jẹ́ẹ́ lóòótọ́?

Ìyá kan láti Òmù-Àrán ló béèrè. Níbi ìgbéyàwó àbúrò wọn, bàbá àgbà kan gbàdúrà pé: “Ilé yín á tutù, á tòrò bí omi àfòwúrọ̀pọn.” Gbogbo èèyàn ṣe àmín, àfi ọmọ wọn ọkùnrin tó wà ní SS1, tó ní tísà ti kọ́ àwọn pé mólékù inú omi, ìyẹn àwọn horo tójú ò lè rí tó para pọ̀ di omi, kì í sinmi, ìbáà gbóná, ìbáà tutù. Màmá wá ní kí ni káwọn sọ fún un, kí ló sì dé tó fi jẹ́ omi òwúrọ̀.

Ẹ kú ìnáwó, màmá. Ọmọ yín ò parọ́, bàbá náà ò sì ṣì í sọ.

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà ná. À-fi-òwúrọ̀-pọn: omi tí a fi òwúrọ̀ pọn. Ẹni tó bá dàgbà létí odò ò nílò àlàyé kankan. Tó o bá débẹ̀ ní ìdájí, omi tó mọ́ gaara, tó o lè wo ojú ara rẹ nínú rẹ̀, ni wàá bù. Tó o bá sùn títí oòrùn fi là, ẹsẹ̀ màlúù, ẹsẹ̀ ọmọdé, igbá àti korobá ti pò ó di ẹrẹ̀ kó o tó dé. Àwọn ọmọ tó jẹ́ pé bóòhóòlù ni wọ́n bá láyé ò lè mọ adùn tó wà nínú àdúrà yẹn, mi ò sì bá wọn wí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í ni pé wọ́n rò pé ọ̀kan náà ni tutù àti tòrò. Rárá o. Tòrò ni pé ohun tó ń da omi rú ti lọ sísàlẹ̀. Kò kan òtútù. Àní sẹ́, òtútù ń fa iṣẹ́ náà sẹ́yìn ni. Omi tútù ki ju omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ: kíki omi ní 30 dígírì kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún kíki rẹ̀ ní 10 dígírì. Nítorí náà ẹrẹ̀ tètè ń rọ̀ sílẹ̀ nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ohun tó mú omi òwúrọ̀ tòrò ni pé ẹnikẹ́ni ò fẹsẹ̀ kàn án láti alẹ́.

Tutù ni ọ̀rọ̀ tísà bá mu. Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀: ìlú gbóná, ara ń gbóná sí i, ọ̀rọ̀ náà gbóná janjan. Gbogbo rẹ̀, àìfararọ ni. Ẹni tó bá ní sùúrù là ń pè ní oníwà tútù. Ìgbóná kì í ṣe nǹkan kan tí iná ń dà sínú omi bí ẹni da epo sọ́bẹ̀. Eré tí àwọn mólékù ń sá gan-an ni. Eré yẹn pọ̀ sí i, a ní omi gbóná. Ó dín kù, a ní ó tutù.

Kí ọmọ náà bu omi tútù sí ife gíláàsì kan, kó bu gbígbóná sí èkejì. Kó jẹ́ kí méjèèjì fara balẹ̀, kó wá ju ewé sóbò gbígbẹ kọ̀ọ̀kan sí wọn, kó má rò ó. Nínú èyí tó gbóná, pupa á ti máa tú jáde bí èéfín kó tó ka méní dé ogún. Nínú èyí tó tutù, pupa á kàn rọ̀ mọ́ ìdí ewé, á máa rìn bí ẹni tó ń lọ sílé àna tó jẹ ní gbèsè. Ṣùgbọ́n á dé! Kó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kó wá wò ó.

Ìyẹn ni ọmọ fi jàre. Ní 20 dígírì, eré mólékù omi tó nǹkan bí 640 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò kàn lè jìnnà ni, torí ó ń kọlu ẹnìkejì rẹ̀ léraléra, bí ẹni tó ń kánjú ní Ọjà Ọba Ìlọrin nígbà tí Iléyá ku ọ̀la. Tí omi bá tutù dé 0 dígírì, eré náà ṣì tó 615. Yìnyín pàápàá, gbígbọ̀n ni wọ́n ń gbọ̀n lójú kan. Àfi téèyàn bá lọ sí nǹkan bí 273 dígírì nísàlẹ̀ òdo ni eré yẹn tó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kò sì sí ọyẹ́ Kwara tó dé ìdajì ìdajì ibẹ̀. Ní 1827, Robert Brown, onímọ̀ nípa ewéko, rí àwọn horo kín-ín-kín-ín láti inú ìyẹ̀fun òdòdó tí wọ́n ń ta kébékébé nínú omi tí ẹnikẹ́ni ò rò. Ní 1905 ni Einstein, onímọ̀ físíìsì, ṣàlàyé pé mólékù omi ló ń gbá wọn kiri. Ara ohun tí kì í jẹ́ kí amọ̀ tó kúná jù balẹ̀ nìyẹn, tí àwọn ìyá wa fi ń wá álọ́ọ̀mù sí i kó lè so pọ̀, kó rọ̀ sílẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ kó rí tutù àti tòrò lójú kan, ẹ ra àmù fún un. Níbi tí mo wà yìí ní Ìlọrin, ọ̀dọ̀ àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Dàda, lápá Òkèlele, la ti ń rà á. Amọ̀ náà ní ihò tójú ò lè rí, omi ń yọ́ gba ibẹ̀ jáde, ìdí nìyẹn tí ara àmù fi máa ń rin. Àwọn mólékù tí eré wọn le jù ló ń fò lọ sínú afẹ́fẹ́, àwọn tí eré wọn dẹ̀ ló ń ṣẹ́ kù, omi á sì tutù. Lásìkò ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ, ó lè dun eyín. Lásìkò òjò, kò fi bẹ́ẹ̀ tutù, torí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ti mumi yó. Láàárọ̀, kó rọra ṣí i, kó bu ti òkè mu. Ẹ sáà kìlọ̀ fún un kó má fi ife kan ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sùn sí.